Kí ló wà nínú òkúta yìí? Bí ẹ ṣe lè dá fọ́sìlì mọ̀ ní ilẹ̀ Rẹ́mọ àti Ìjẹ̀bú

Ohun tí wọ́n sábà máa ń fi ránṣẹ́ sí mi ni fọ́tò òkúta kan lórí táìlì, tí wọ́n ti fọ̀ tó ń dán, tí wọ́n sì kọ sábẹ́ rẹ̀ pé: “Ẹ̀gbọ́n, ẹ bá wa wò ó, kí lèyí?” Kò sí rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Òkúta tó yí i ká ti wọ ààtàn. Bí mo bá béèrè ibi tí wọ́n ti rí i, “Ṣágámù níbẹ̀ yẹn” ni èsì. Ẹni tó bá sọ orúkọ nǹkan pẹ̀lú ìwọ̀nba èyí, ó ń méfò ni.

Ohun tó ń dà á rú kò ju ọ̀kan lọ: ìrísí ni wọ́n fi ń bẹ̀rẹ̀, ìrísí sì máa ń tan ènìyàn jẹ. Ibi tí nǹkan ti jáde àti irú òkúta tó gbé e mọ́ra ló kọ́kọ́ ń sọ ohun tí kò lè jẹ́. Tí ẹ bá ti yọ ohun tí kò lè jẹ́ kúrò, èyí tó ṣẹ́ kù kì í pọ̀ mọ́. Fọ́sìlì tí mo ń wí níbí ni òkú ẹranko tàbí ewéko àtijọ́, tàbí ipa tí wọ́n fi sílẹ̀, tó ti pẹ́ nínú ilẹ̀ títí tó fi di ara òkúta.

Ohun tí ẹ máa nílò

Awò kékeré tó ń mú nǹkan tóbi ní ìlọ́po 10, irú èyí tí àwọn tó ń ra góòlù máa ń fi sójú. Rúlà. Fóònù tó ní máàpù. Jọ́tà àti pẹ́ńsùlù, torí òjò kì í pa ìwé pẹ́ńsùlù rẹ́ bó ṣe ń pa ti báírò. Máákà tí omi kì í fọ̀, láílọ́ọ̀nù, ìwé ìròyìn àtijọ́ àti tíṣù. Búrọ́ọ̀ṣì ìfọyín tó ti gbó, abẹ́rẹ́ ńlá kan, ìṣó irin kan. Ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà. Òòlù, ṣísẹ́ẹ̀lì àti awò tó bo ojú dáadáa. Plastísìn tí àwọn ọmọ iléèwé fi ń ṣeré.

Ásíìdì bátìrì kò sí nínú rẹ̀, ẹ máa rí ìdí rẹ̀ ní ìpele 4.

Ọ̀rọ̀ àṣẹ ńkọ́? Kúárì tí wọ́n ti ń wa òkúta sìmẹ́ńtì ní Ṣágámù kì í ṣe ibi tí ènìyàn kàn ń rìn wọ̀. Wọ́n ń fi ohun abúgbàù fọ́ àpáta níbẹ̀, ògiri kòtò sì lè ya lulẹ̀ láìsọ fún ẹnikẹ́ni. Ẹ gba àṣẹ, ẹ dé akoto, kí ẹ má sì dúró sábẹ́ ògiri. Ní ti kànga, ẹ má ṣe sọ̀ kalẹ̀ sínú rẹ̀ torí òkúta. Ìsàlẹ̀ kànga lè máà ní afẹ́fẹ́ tó ṣeé mí. Ẹ dúró lókè, kí ẹ yẹ òkìtì tí àwọn agbẹ́kànga ń fà jáde wò.

Ìpele 1: Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹ tó fọwọ́ kàn án

Ẹ ya fọ́tò mẹ́ta: ọ̀kan láti òkèèrè tó fi gbogbo ibẹ̀ hàn, ọ̀kan ní ìdúró, ọ̀kan ní ìsúnmọ́ pẹ̀lú rúlà lẹ́gbẹ̀ẹ́ nǹkan náà. Lẹ́yìn náà ni kí ẹ mú jọ́tà. Ẹ kọ orúkọ ìlú, àdúgbò, ohun tó wà nítòsí tí kò lè kúrò níbẹ̀, àti nọ́ńbà ibi tí máàpù fóònù fún yín. Bó bá jẹ́ kànga, ẹ bi ẹni tó ń gbẹ́ ẹ ní iye ẹsẹ̀ bàtà tó dé kí òkúta yẹn tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde. Àwọn agbẹ́kànga mọ ìpele ilẹ̀ ju bí ẹ ṣe rò lọ. Wọ́n á sọ fún yín ibi tí ilẹ̀ pupa parí sí, ibi tí amọ̀ dúdú bẹ̀rẹ̀, ibi tí òkúta ti ń dá dígà padà.

Ẹ kọ ọ́ bóyá nǹkan náà ṣì há sínú àpáta tàbí ó ti já bọ́. Ẹ fi máákà fa ọfà sí òkúta tó yí i ká láti fi hàn èwo ni òkè. Bó bá ju ẹyọ kan lọ, ẹ kọ bí wọ́n ṣe tò: ṣé wọ́n sùn sí ọ̀nà kan náà, àbí wọ́n fọ́n káàkiri? Bó bá jẹ́ ìkarahun aláwẹ́ méjì, ṣé wọ́n pa ẹnu dé, àbí wọ́n ti ya?

Ibi tí wọ́n ti ń ṣì í nìyí: òkúta ojú títì, tàbí èyí tó wà nínú ilẹ̀ tí wọ́n dà sí ìpìlẹ̀ ilé, típà ló gbé e wá. Ohun tí ẹ rí ní Ìjẹ̀bú-Òde lè ti ẹ̀bá Abẹ́òkúta wá. Bí ẹ bá rí awakọ̀ náà, ẹ bi í. Bí ẹ kò bá rí i, ẹ kọ “ilẹ̀ tí wọ́n gbé wá” sínú jọ́tà, ẹ má ṣe kọ orúkọ ìlú tí ẹ dúró sí bí ẹni pé ibẹ̀ ló ti hù.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ fún ẹni tí kò bá yín lọ ní jọ́tà náà. Bó bá lè dá dé ibẹ̀, kó sì nawọ́ sí ojú àpáta gan-an, ẹ ti ṣe é.

Ìpele 2: Irú òkúta wo ló gbé e?

Ẹ fọ́ èérún díẹ̀ lára òkúta tó yí i ká, kì í ṣe lára nǹkan náà fúnra rẹ̀. Ojú tó ṣẹ̀ṣẹ̀ fọ́ ni ẹ máa wò, torí oòrùn àti òjò ti yí àwọ̀ ojú àtijọ́ padà.

Ẹ fi ìṣó ha á. Ẹ fi ìka pa á. Ẹ wá fi ìṣó ha á di ìyẹ̀fun, kí ẹ kán ọsàn wẹ́wẹ́ tàbí fínígà lé ìyẹ̀fun náà, kí ẹ sì fi awò wò ó. Ìyẹ̀fun ṣe pàtàkì, torí ọsàn kò lágbára tó láti tètè jẹ òkúta gbọnrangandan. Bó bá ń hó, tí ìfófòó kéékèèké ń jáde, òkúta ẹfun ni, èyí tí wọ́n fi ń ṣe sìmẹ́ńtì. Ó máa ń funfun ràkọ̀ràkọ̀ tàbí kó dà bí eérú, ìṣó sì ń ha á. Èyí tó dúdú tàbí tó rí bí eérú, tó ń là ní pelebe-pelebe, tó ń rùn bí ẹrẹ̀ tí omi bá kàn án, amọ̀ tó le di òkúta nìyẹn. Òkúta iyanrìn máa ń fi iyanrìn sílẹ̀ lọ́wọ́ ẹni. Yangí pupa, ó níhò, ipata irin ló dì í pọ̀, kì í hó. Akọ òkúta ń dán wínrínwínrín, èérún rẹ̀ há mọ́ra wọn, ìṣó kò lè ha á. Ìṣó ló máa fi ara tirẹ̀ sílẹ̀ lójú rẹ̀.

Ẹ wá fi èyí wé ilẹ̀ wa. Lápá àríwá, ní Àgọ́-Ìwòyè àti Ìjẹ̀bú-Igbó, akọ òkúta ló pọ̀ jù. Ooru àti ìfúnpọ̀ inú ilẹ̀ ló ṣe òkúta wọ̀nyẹn, wọn kì í sì í gbé fọ́sìlì. Bí ẹ bá rí “ẹja” nínú akọ òkúta ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ìlà funfun àti dúdú tó wọ́ kọ́lọkọ̀lọ ni ẹ rí. Ní Ìjẹ̀bú-Òde àti Òdógbólú, ilẹ̀ pupa, iyanrìn àti yangí ni ẹ máa kọ́kọ́ bá, wọn kì í sì í tọ́jú ìkarahun. Ní Ìjẹ̀bú Waterside, iyanrìn àti ẹrẹ̀ ọ̀sà ni, ìkarahun tí ẹ bá rí níbẹ̀ sábà máa ń jẹ́ ti ẹranko tó ṣì ń gbé inú omi lónìí.

Ṣágámù ni ọ̀rọ̀ yí padà. Òkúta ẹfun tó wà lábẹ́ ilẹ̀ ibẹ̀ jẹ́ ara èyí tí àwọn onímọ̀ fi orúkọ Ewékorò ní ilẹ̀ Ẹ̀gbá pè. Ìsàlẹ̀ òkun ni gbogbo ibẹ̀ nígbà náà, ní sáà tí wọ́n ń pè ní Paleocene, láàárín nǹkan bí mílíọ̀nù 66 sí mílíọ̀nù 56 ọdún sẹ́yìn. Iyanrìn àti òkúta iyanrìn tó dàgbà jù ú lọ wà lábẹ́ rẹ̀. Amọ̀ líle dúdú tí wọ́n ń pè ní ti Akinbo bò ó lórí. Ẹ fi ọjọ́ orí yìí sọ́kàn, a máa lò ó láti lé orúkọ èké dànù.

Ẹ ṣọ́ra fún àfọ́kù kọnkéré. Òun náà ń hó bí ẹ bá kán ọsàn lé e, ó sì lè ní ìkarahun nínú bó bá jẹ́ iyanrìn etí ọ̀sà ni wọ́n fi pò ó. Ẹ wo òkúta wẹ́wẹ́ inú rẹ̀: bó bá jẹ́ gíráńáìtì olójú mímú, tí ihò afẹ́fẹ́ róbótó kéékèèké sì wà láàárín, bíríkìlà ló ṣe é.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ó kéré tán, ohun méjì tí ẹ dán wò gbọ́dọ̀ gbè lẹ́yìn orúkọ òkúta tí ẹ kọ sílẹ̀. Bí wọ́n bá ta ko ara wọn, ẹ fọ́ èérún mìíràn.

Ìpele 3: Ṣé fọ́sìlì tiẹ̀ ni?

Púpọ̀ nínú ohun tí wọ́n ń gbé wá kì í ṣe fọ́sìlì.

“Ewé” dúdú tó tàn ká ojú òkúta ló wọ́pọ̀ jù. Omi tó gbé èròjà manganese wọ inú ojú ìlà tó là lára òkúta ló ń yà á bẹ́ẹ̀. Ewé gidi ní ọ̀pá àárín, iṣan rẹ̀ sì so kọ́ra wọn. Ti manganese kàn ń pẹ̀ka ni, kò ní ọ̀pá, kò ní etí, ibi tí òkúta ti là nìkan ló sì máa ń wà.

“Egungun” inú yangí ni ìkejì. Irin máa ń dì yí gbòǹgbò igi tàbí ọ̀nà omi ká, yóò sì ṣe gbọọrọ bí egungun itan tàbí ìwo. Ẹ wo ẹnu ibi tó ti ṣẹ́: bí òrùka ipata bá yí ara wọn ká, yangí ni. Egungun ní ihò wẹ́wẹ́ púpọ̀ nínú, èèpo rẹ̀ sì le. Irú yangí bẹ́ẹ̀ lè hàn lára ògiri Èrèdò Ṣùngbọ́ pẹ̀lú, ṣùgbọ́n ẹ jọ̀wọ́, ẹ má ṣe gbẹ́ ohunkóhun lára Èrèdò. Ogún wa ni.

Òkúta tó yí róbótó, tí wọ́n ń pè ní ẹyin, èròjà inú omi ló dì yí nǹkan kékeré kan ká. Kò ní èèpo tó yàtọ̀ sí inú. Mi ò tíì gbọ́ pé ẹyin kankan jáde láti inú òkúta Ṣágámù.

Ẹdùn àrá ńkọ́? Òkúta dídán, tí ẹnu rẹ̀ mú bí ti àáké, tí òjò máa ń fọ̀ jáde lóko. Èyí kì í ṣe fọ́sìlì. Àwọn ènìyàn àtijọ́ ló fi òkúta gbẹ́ àáké náà, àwọn olórìṣà sì mọ ipò tó wà nílé Ṣàngó. Ẹ má ṣe fi ìṣó ha á, ẹ má ṣe kán ọsàn sí i. Ẹ kọ ibi tó ti jáde, kí ẹ fi han àgbà ilé.

Owó ẹyọ tún máa ń jáde níbi tí wọ́n bá ti ń gbẹ́ ìpìlẹ̀. Ẹ yí i padà: bí ẹ̀yìn rẹ̀ bá ti là tàbí tí wọ́n ti rẹ́ ẹ kúrò, wọ́n ti sín in sí okùn rí, owó tí ẹnìkan ná ni. Egungun ewúrẹ́ àti ìkarahun ìgbín oko kò le láti mọ̀, wọ́n fúyẹ́. Bí iyèméjì bá wà lórí egungun, ẹ fi iná sun orí abẹ́rẹ́ kó pọ́n, kí ẹ fi kan igun tí kò hàn lára rẹ̀. Bó bá rùn bí irun tó jóná, egungun tuntun ni.

Bó bá jẹ́ egungun ènìyàn, tàbí tí ìkòkò àti ìlẹ̀kẹ̀ bá jáde pẹ̀lú rẹ̀, ẹ dúró síbẹ̀. Ẹ má ṣe gbẹ́ ẹ mọ́. Ẹ sọ fún baálẹ̀ tàbí ààfin, fún ọlọ́pàá, àti fún àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń bójú tó mùsíọ́ọ̀mù àti ohun ìrántí, èyí tí òfin dá sílẹ̀ ní 1979.

Kí wá ni àmì pé fọ́sìlì ni? Ohun tó ní apá méjì tó dọ́gba, tàbí márùn-ún tó dọ́gba. Ìlà tó ń tún ara rẹ̀ ṣe ní àlàfo kan náà. Ara tó yàtọ̀ sí ti òkúta tó yí i ká lábẹ́ awò. Pabanbarì rẹ̀, kí ẹ tún rí irú rẹ̀ kan náà nínú òkúta kan náà.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ yọ àmì méjì nínú wọ̀nyí jáde, kí ẹ fi pẹ́ńsùlù yàwòrán wọn. Bí ọwọ́ yín kò bá lè yà á, ojú yín kò tíì rí i.

Ìpele 4: Yíyọ àti fífọ̀

Ẹ gé òkúta fẹ̀ yí i ká, kí ẹ jẹ́ kí ìdajì rẹ̀ ṣì wà nínú ilé rẹ̀. Ẹnu ṣísẹ́ẹ̀lì kò gbọdọ̀ kọjú sí fọ́sìlì náà rárá. Búrọ́ọ̀ṣì gbígbẹ ló ń ṣáájú. Omi wà fún òkúta ẹfun nìkan. Amọ̀ líle kì í fẹ́ omi, yóò wú, yóò sì tú ká ní pelebe-pelebe lójú yín, fọ́sìlì inú rẹ̀ a sì bá a lọ.

Nísinsìnyí, ọ̀rọ̀ ásíìdì. Fọ́sìlì Ṣágámù àti òkúta tó gbé e, ẹfun kan náà ni wọ́n sábà máa ń jẹ́. Ohun tó bá ń jẹ òkúta kúrò ń jẹ fọ́sìlì náà lọ. Ẹni tó bá rẹ ẹ́ sínú fínígà mọ́jú máa bá ohun tí ojú rẹ̀ ti parẹ́. Ásíìdì bátìrì tún burú jù: á bo òkúta pẹ̀lú èèpo funfun tí kò ní ṣí mọ́, kí a tó sọ ohun tó lè ṣe fún ojú àti awọ ara. Omi ìfọ-ṣalángá náà kò dára. Ẹ má ṣe fi fáníìṣì kùn ún kó lè dán, ẹ má sì lẹ̀ ẹ́ pẹ̀lú súpà gúlù. Bó bá fọ́, ẹ fi tíṣù di àfọ́kù kọ̀ọ̀kan.

Ìpele 5: Ìkarahun gan-an ni, àbí ẹrẹ̀ tó kún inú rẹ̀?

Ẹ fara balẹ̀ ka ìpele yìí. Ẹni tó ti ṣe mẹ́rin àkọ́kọ́ dáadáa, níbí ló ti máa ń ṣubú.

Bí ẹranko oníkarahun bá kú sísàlẹ̀ òkun, tí ẹrẹ̀ bò ó, ohun mẹ́ta ló lè ṣẹ́ kù. Ọ̀kan ni ìkarahun fúnra rẹ̀. Ìkejì ni ẹrẹ̀ tó kún inú ìkarahun, tó wá le di òkúta nígbà tí ìkarahun ti yọ́ lọ. Ẹ jẹ́ ká pè é ní ẹrẹ̀-inú. Ìkẹta ni ojú-ìtẹ̀, ìyẹn ògiri ihò tí ìkarahun fi sílẹ̀, tí gbogbo ìlà ẹ̀yìn rẹ̀ tẹ̀ sí. Ìkarahun ìgbín òkun jẹ́ irú ẹfun tí wọ́n ń pè ní aragonite, omi ilẹ̀ sì tètè ń yọ́ ọ. Ti oyster, ẹranko oníkarahun tó máa ń lẹ̀ mọ́ gbòǹgbò igi létí ọ̀sà, jẹ́ calcite, ó ń pẹ́ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyí tí oyster fi lè wà pẹ̀lú èèpo rẹ̀, kí ìgbín tó sùn tì í sì ti di ẹrẹ̀-inú.

Ẹ mú ẹrẹ̀-inú ìgbín òkun kan, kí ẹ gbé awò sí i. Ara rẹ̀ á jọ̀lọ̀, kò ní ní ìlà, kò ní ní kókó. Yíyí rẹ̀ kò fara kanra: ẹ lè ti orí abẹ́rẹ́ bọ àlàfo tó wà láàárín yíyí kan sí èkejì. Àlàfo yẹn ni ìkarahun wà nígbà tó wà láàyè, bó sì ṣe fẹ̀ tó ni ìkarahun náà ṣe nípọn tó. Ẹni tí kò mọ èyí á mú ohun jíjọ̀lọ̀ yìí, á fi wé fọ́tò ìkarahun jíjọ̀lọ̀ nínú ìwé, á sì fún un ní orúkọ ẹranko tí kò jẹ́ rí. Ìkarahun tó yọ́ lọ yẹn lè jẹ́ olókókó gìrìgìrì.

Nítorí náà, ojú-ìtẹ̀ ni kí ẹ wá. Ó wà nínú òkúta tó yí i ká, èyí tí ọ̀pọ̀ ń jù nù. Ẹ fi omi ọṣẹ díẹ̀ pa á lójú; bó bá jẹ́ amọ̀ líle, ẹ lo pàúdà ọmọdé dípò omi. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ plastísìn sí i láti àárín lọ sí etí, kí afẹ́fẹ́ má bàa há sí abẹ́. Ẹ fà á jáde díẹ̀díẹ̀. Ohun tó máa wà lójú plastísìn ni ẹ̀yìn ìkarahun bó ṣe rí lọ́jọ́ tí ẹranko náà kú, pẹ̀lú gbogbo ìlà àti kókó rẹ̀. Èyí ni kí ẹ fi wé àwòrán.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ẹ kọ ọ̀kan sínú jọ́tà: “ìkarahun”, “ẹrẹ̀-inú” tàbí “ojú-ìtẹ̀”. Bí ojú plastísìn bá rí wúruwùru láìní ìlà kankan, ojú-ìtẹ̀ náà ti jẹrà, tàbí kó jẹ́ ẹ̀gbẹ́ òkúta lásán ni ẹ tẹ̀.

Ìpele 6: Ìdílé wo ló ti wá?

Ẹ má tíì wá orúkọ. Ìdílé ni kí ẹ wá.

Bó bá ní awẹ́ méjì tó pa ẹnu dé bí obì gbànja tí wọ́n ń dì ní Sábó Ṣágámù, aláwẹ́ méjì ni. Awẹ́ kan ni ẹ sábà máa rí. Ẹ wá ṣóńṣó rẹ̀, ibẹ̀ ni ìdè tó so méjèèjì pọ̀ wà. Ẹ ka ìlà tó ti ibẹ̀ tàn wá sí etí, ẹ wo bóyá ìlà mìíràn dábùú wọn. Nínú awẹ́ tàbí lára ẹrẹ̀-inú, ẹ wá àpá róbótó kan tàbí méjì. Ibi tí iṣan ẹran náà ti dì mú nìyẹn. Èyí tó nípọn, tó wọ́, tí èèpo rẹ̀ tò léra, tí kò sí méjì tó jọra, oyster ni.

Bó bá lọ́ yíká tó sì ga sókè, ìgbín òkun ni. Ẹ gbé ṣóńṣó rẹ̀ sókè, kí ẹnu rẹ̀ kọjú sí yín. Ẹnu náà sábà máa ń wà lápá ọ̀tún. Ẹ ka yíyí rẹ̀, ẹ wọn gíga àti ìbú.

Bó bá lọ́ yíká ṣùgbọ́n tó tẹ́ pẹrẹsẹ, tí ìlà sì dábùú rẹ̀ láti etí kan dé èkejì, ẹ dúró dáadáa. Ìlà wọ̀nyẹn ni ògiri yàrá inú rẹ̀. Ìgbín kì í ní yàrá. Ọ̀kan lára èyí tó ní yàrá ni ìdílé nautilus, ẹranko òkun tó ṣì ń gbé nínú òkun Pacific àti òkun India títí dòní. Bí ẹ bá fi fọ́tò rẹ̀ wádìí lórí fóònù, ó máa fẹ́ sọ fún yín pé ammonite ni, ẹranko òkun àtijọ́ mìíràn tí ìkarahun rẹ̀ ní yàrá. Ammonite ti run kúrò láyé ní nǹkan bí mílíọ̀nù 66 ọdún sẹ́yìn, kí òkúta ẹfun Ṣágámù tó bẹ̀rẹ̀ sí í dì. Ara nǹkan náà á sì jẹ́rìí sí i: ìlà nautilus kàn tẹ̀ lẹ́lẹ́ ni, ti ammonite wọ́ kọ́lọkọ̀lọ. Ihò tó la yàrá kọjá máa ń wà ní ìta lára ammonite. Ti nautilus máa ń wà nítòsí àárín.

Ohun róbótó tí ìràwọ̀ onípẹ́tàlì márùn-ún wà lẹ́yìn rẹ̀, tí ihò wẹ́wẹ́ tò yí pẹ́tàlì kọ̀ọ̀kan ká, echinoid ni, ẹranko òkun elégùn-ún. Bó bá fọ́, ojú ibi tó fọ́ máa ń tẹ́, á sì kọ mọ̀nà, torí awẹ́ èèpo rẹ̀ kọ̀ọ̀kan jẹ́ ẹyọ kírísítà kan. Ọmọ ìka akàn máa ń dá jáde láìsí ara, torí ìka ló nípọn jù. Iyùn inú òkun ní ìràwọ̀ wẹ́wẹ́ púpọ̀ lójú, tí ògiri tẹ́ẹ́rẹ́ ti etí ìràwọ̀ kọ̀ọ̀kan lọ sí àárín rẹ̀.

Eyín máa ń dán, ó sì ní gbòǹgbò tí kò dán. Èyí tó pẹlẹbẹ, tó mú ṣóńṣó, ti ṣáàkì ni, ẹja òkun apẹranjẹ. Ẹ fi awò wo etí rẹ̀ bóyá ó ní ehín ayùn. Egungun ńlá lè jẹ́ ti ẹja, ti ìjàpá tàbí ti ọ̀nì. Ẹ má ṣe pariwo dinosaur, ẹranko ńlá àtijọ́ nì. Mílíọ̀nù 66 tí mo ní kí ẹ fi sọ́kàn náà ló lé e lọ, bó ti lé ammonite.

Ọ̀pá gbọọrọ tí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí òkúta yòókù, tí kò ní èèpo, lè jẹ́ ihò tí akàn tàbí ekòló òkun gbẹ́, tí ẹrẹ̀ mìíràn wá dí. Fọ́sìlì náà ni, ipa ni ẹ máa kọ.

Yẹ̀ ẹ́ wò: ìdílé tí ẹ yàn gbọ́dọ̀ bá òkúta inú ìpele 2 mu. Iyùn òkun nínú yangí? Ẹ padà sí ìpele 1, típà ti dé ibẹ̀.

Ìpele 7: Orúkọ, àti ibi tó yẹ kí ẹ dúró

Ẹ lè ju fọ́tò sí Google Lens, ẹ̀rọ orí fóònù tó ń fi fọ́tò wá orúkọ nǹkan. Kò burú, bí ẹ bá ti mọ ìdílé tẹ́lẹ̀. Ẹ̀rọ náà kò mọ̀ pé òkúta ẹfun Paleocene ni ẹ mú dání, ìrísí nìkan ló ń wò, àwòrán òkè òkun ló sì pọ̀ nínú ohun tó mọ̀. Ohun tó sàn jù ni iṣẹ́ tí Ọ̀jọ̀gbọ́n O. S. Adegoke tẹ̀ jáde ní 1977 lórí ìpele òkúta Ewékorò àti fọ́sìlì inú rẹ̀. Ẹ béèrè rẹ̀ ní láíbúrárì yunifásítì.

Bí àwòrán kan bá jọ tiyín, ẹ wá ohun mẹ́ta tí kò fi jọ ọ́. Bí ẹ kò bá rí ìyàtọ̀ kankan, ẹ lè kọ orúkọ Látìn alápá méjì tí àwọn onímọ̀ fi ń pe ẹranko náà, pẹ̀lú “cf.” níwájú orúkọ kejì, tó túmọ̀ sí pé ó jọ ọ́. Bó bá jẹ́ orúkọ àkọ́kọ́ nìkan ló dá yín lójú, ẹ fi “sp.” sí i. Èmi fara mọ́ ẹni tó kọ “ìgbín òkun, òkúta ẹfun, Ṣágámù” ju ẹni tó kó orúkọ Látìn gígùn jọ láti orí fóònù. Ti àkọ́kọ́ ṣeé kọ́lé lé lórí.

Ìpele 8: Ta ni kí ẹ gbé e tọ̀ lọ?

Ẹ fi típẹ́ẹ̀sì funfun kan ojú kékeré lára òkúta, kì í ṣe lára fọ́sìlì. Bó bá gbẹ, ẹ kọ nọ́ńbà sí i, kí ẹ kọ nọ́ńbà kan náà sínú jọ́tà àti sára láílọ́ọ̀nù. Ẹ ya fọ́tò tuntun ní ìta gbangba, níbi ìbòòji, láti apá mẹ́fà, pẹ̀lú rúlà. Ìmọ́lẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ ló ń fi ìlà hàn. Fíláàṣì fóònù máa ń pa á rẹ́.

Èyí tó sún mọ́ wa jù ni ẹ̀ka tó ń kọ́ nípa ilẹ̀ àti òkúta ní Yunifásítì Olabisi Onabanjo, Àgọ́-Ìwòyè. Ẹ̀ka jiọ́lọ́jì wà ní Yunifásítì Ìbàdàn náà, mùsíọ́ọ̀mù ohun àdánidá sì wà ní Yunifásítì Ọbáfẹ́mi Awólọ́wọ̀, Ilé-Ifẹ̀. Ẹ kọ lẹ́tà tàbí í-meèlì ṣáájú kí ẹ tó lọ. Ẹ fi fọ́tò, ojú ìwé jọ́tà àti àbájáde ọsàn wẹ́wẹ́ sí i. Bí ẹnìkan bá ní òun fẹ́ rà á lọ sí òkè òkun, ẹ rántí pé òfin kò gbà kí a kó ohun àtijọ́ kúrò ní Nàìjíríà láìgba ìwé àṣẹ.

Ẹ kó gbogbo rẹ̀ lọ: fọ́sìlì, òkúta tó ní ojú-ìtẹ̀, plastísìn, jọ́tà. Bí wọ́n bá ní kí ẹ fi í sílẹ̀ fún àyẹ̀wò, ẹ gba ìwé lọ́wọ́ ẹni tó gbà á, kí orúkọ rẹ̀, ọjọ́ náà àti nọ́ńbà tó wà lára òkúta wà lórí ìwé náà.